Iná Téstà Tàn, Mo Sọ fún Bàbá Mi Pé Kò Tàn

Ẹ dákun, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Mo ń parọ́ fún bàbá mi tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mi ò sì kábàámọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ kà á tán ná...

Rewáyà ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ṣì ní ṣọ́ọ̀bù ní Bọ́ládé, ọkọ̀ tí iná rẹ̀ bá ti dà rú tí àwọn yòókù ṣe é tì, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń fà á wá. Glaucoma ló bá wọn lójú jà. Òjìji nìkan ni wọ́n ń rí báyìí. Okota níbí la jọ ń gbé, èmi ni mo ń kán oògùn sí wọn lójú láàárọ̀ àti lálẹ́, torí ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá ń fo ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mi ò ní pè é ní wọ́n lónìí, ló ní kí Bàbá padà sí Ṣakí kí n lè sinmi. Ṣé mo sọ fún un pé ó rẹ̀ mí ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó sì ti ń wá tẹ́náǹtì tó máa gba yàrá wọn...

Bàbá ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wọ bọ́ọ̀sì padà sílé bí ẹrù. Ọkọ̀ Ìjàpá àwọn, tó ti dúró sẹ́yìn ilé láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ni àwọn máa bá lọ. Ọjọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́, àwọn ń lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbà kíákíá.

Bí mo ṣe di ojú Bàbá nìyẹn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, a gbé àga síbẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ tọ wáyà, èmi á pe àwọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò kàn gbaná. Bàbá sì ní òfin kan tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ wọn, pé tí iṣẹ́ wáyà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sítáàtì ọkọ̀ náà títí bulbu téstà á fi tàn lórí gbogbo wáyà. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni eku ti jẹ wáyà tó lọ sídìí kọ́ìlì, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná. A pààrọ̀ rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, mo padà sẹ́yìn, Bàbá fi téstà kan kọ́ìlì, wọ́n bi mí pé ṣé ó tàn. Ó tàn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó tàn yòò. Mo ní kò tàn.

Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi... mo kàn rí i pé tí mo bá ní ó tàn, Bàbá ti lọ nìyẹn. Ta ló máa rántí oògùn ojú ní Ṣakí? Ṣé ìyàwó àbúrò wọn tó ń lọ oko láti ìdájí? Àbí ẹ̀gbọ́n mi tí kò mọ orúkọ oògùn náà? Láti ọjọ́ yẹn la ti ń tú wáyà tó dáa, tí a tún ń dì í padà. Bàbá á ní bóyá fíúsì ni, bóyá ìpẹtà ló wà níbi tí wáyà ti kan ara ọkọ̀. Èmi á ní kò tàn. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní bóyá iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn. Ìyẹn dùn mí dé egungun, mo lọ sunkún ní kíṣìnì. Mo padà wá, mo tún parọ́.

Lánàá, lẹ́yìn tí mo ní kò tàn, Bàbá ò gbé téstà náà sílẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo bulbu rẹ̀, wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bulbu tó bá tàn máa ń gbóná, ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún rewáyà? Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, wọ́n ní ká lọ jẹun. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pè wọ́n, mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún un pé wáyà Ìjàpá yìí le o, àwọn ò tíì rí ibi tó ti ń ṣe é, kó má kánjú.

Bàbá mọ̀. Wọn ò fẹ́ lọ, wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́ kí n má baà rò pé wọ́n fẹ́ di ẹrù lé mi lórí. Ta ló ní ẹrù ni wọ́n? Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi náà ò gọ̀. Ó ní òun ń mú rewáyà tòun bọ̀ ní Sátidé, tọ̀hún sì ríran.

Ẹ má wàásù irọ́ fún mi, mo mọ̀ pé irọ́ ò dáa. Láàárọ̀ yìí mo tú kọ́ìlì Ìjàpá kúrò, ó wà nínú báàgì mi ní ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá wà lórí àga wọn, wọ́n gbọ́ ìró sípánà, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ṣé kí n dá a padà, kí n dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi kí n sọ fún un pé Bàbá ò lọ síbì kan? Àbí kí n jẹ́ kí òun àti rewáyà rẹ̀ wá a tì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí èwo ni kí n ṣe. Ní ti kí Bàbá lọ, mi ò bi yín.