Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ràfíátù Fi Júwe Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Láti Savalou níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù àti ìyàwó rẹ̀, mo sì kí Ìyá Àgbà ní Lougba. Ṣé iṣu ti wọlé tán? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́ díẹ̀?

Ọyẹ́ ti dé síbí. Eruku máa ń bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi láàárọ̀, ètè mi sì ti là. Iṣẹ́ ń lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èdè Máhì ni mo fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí èdè Ìṣà wa bá wù mí sọ, Ràfíátù àbúrò mi nìkan ni mo ní. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ìyá mi, mò ń jowú ọmọ yín. Nígbà tí ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi kó lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ ní kí n tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin, mo sì ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ wá kí wa lọ́dún iléyá, ìwé rẹ̀ ni ẹ jókòó tì. Ẹ ń sọ fún gbogbo àgbàlá pé ọmọ yín ń sọ Faransé, ó tún ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bùbá tí mo rán fún yín wà lórí itan yín, ẹ ò tíì tú u wò. Ìwé wu èmi náà kí ẹ tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ẹ ò bi mí léèrè.

Ẹ ò tíì pẹ́ tí ẹ padà lọ tí Ràfíátù mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti kíláàsì. Shaky ni wọ́n ń kọ ọ́, "ṣékì" ni wọ́n ń pè é. Ó di tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ mú, ó mì ín, ó ní shaky ni, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ó ní tísà wọn sọ pé kì í ṣe tábìlì nìkan: ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè jẹ́ shaky, ọwọ́ arúgbó pẹ̀lú, àní ìlérí tí a kò lè gbọ́kàn lé. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ilé bí ọmọ tó wọ bàtà tuntun. Èmi ń tẹ ẹ̀rọ mi bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n mò ń kó gbogbo rẹ̀ sínú.

Lẹ́yìn náà ni ibà dá mi wó. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá pè é kí wọ́n jọ lọ wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti ṣàdéhùn láàárín ara wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa sọ. Láti orí ẹní, mo gbọ́ "sísítà", mo gbọ́ "ṣékì", wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi gbóná ju ibà lọ. Èmi tí mò ń bọ́ ọ, èmi ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́!

Nígbà tí ara mi yá, mo bi oníṣòwò ará Ṣakí kan tó máa ń gbé aṣọ wá, torí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà júwe ènìyàn, ó lè jẹ́ pé ara onítọ̀hún kò tíì le, ó sì lè jẹ́ pé kò dá ara rẹ̀ lójú. Ìkejì ni mo mú. Mo délé, mo ní kí Ràfíátù di ẹrù rẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ yín ní Bantè.

Ó bi mí pé kí ni òun ṣe. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n nígbà náà, mi ò lè gbé ife omi dé ẹnu, ohun tí òun sọ fún wọn nìyẹn tí òun kò fi bá wọn lọ. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì òun tó ń kọsẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ó wá bú sẹ́kún. Ó ní òun náà ń jowú mi: gbogbo àdúgbò mọ orúkọ mi, mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́, bí òun bá fìdí rẹmi ní ìdánwò, kí ni òun fẹ́ fi ọwọ́ mú?

Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè jowú èmi. Mo ní kó tú ẹrù rẹ̀.

Síbẹ̀, owú tèmi kò lọ, Ìyá mi. Nítorí náà mo lọ bá tísà wọn, torí ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn àgbà tó fẹ́ bá ará Nàìjíríà ṣòwò ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti àwọn tó ń ta káṣú la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó ní kí n dìde sọ orúkọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, Ràfíátù ló ń dáná.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fún Bàbá ní ìlera, kó má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé, ẹ bá mi kí àwọn ará Pira tó bá wá sọ́jà. Bí wọ́n bá sì bi yín léèrè àwọn ọmọ yín ní Savalou, ẹ sọ pé àwọn méjèèjì ń lọ sílé ìwé. Orúkọ tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ dá. Èmi ni àgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírátù