Alhaja Barakah Sàní (1951–2025) àti Igi Mọ́kànlá Wọn ní Àkùrọ̀ Òkè-Oyì

A bí ìyá wa, Alhaja Barakah Sàní, ní ọdún 1951 sí Ilé Alámọ̀, Òkèlele, nílùú Ìlọrin. Alfa Abdulmumini, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ni bàbá wọn. Hàjàrá, ìyá wọn, ń mọ ìkòkò tà. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń po amọ̀.

Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní 1972, wọ́n sì fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1975 ni a so yìgì wọn pẹ̀lú Alhaji Sàní, oníṣòwò aṣọ ní Táíwò Road, tó ṣaláìsí ní 2009. Ní àsàlátù àdúgbò wa, àwọn ni amírà, olórí àwọn obìnrin, fún ọdún mẹ́sàn-án.

Lọ́dún 2006 tí wọ́n fẹ̀yìntì, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń gbé Amẹ́ríkà fún wọn ní irúgbìn igi sáípírẹ́sì, èyí tó máa ń hù nínú omi. Ó tún fi àwòrán bọ́ńsáì hàn wọ́n: igi kúkúrú nínú àwo pẹẹrẹ, tí ìdí rẹ̀ nípọn bíi ti igi àtayébáyé. Ìyá ní àwọn náà yóò tọ́ irú rẹ̀. Mọ́kànlá ló yè ní àkùrọ̀ wọn ní Òkè-Oyì.

Irú igi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó ga bó ṣe wù ú, kí ìdí rẹ̀ tó sanra. Ìgbà náà ni wọn yóò fi ayùn gé e ní ìwọ̀n orúnkún, tí wọn yóò tọ́ ẹ̀ka tuntun lórí rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú àwo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Màlété máa ń wá wo àwọn igi náà lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá á ní, “Gíga tí ẹ ń wò yẹn, òun ló ń bọ́ ìdí rẹ̀.” Àwa ọmọ kò bá wọn débẹ̀ rí. Ẹ̀rín là ń fi wọ́n rín.

Ní 2018, Ìyá lọ sí Mẹ́kà. Ìdí àwọn igi náà ti tó itan ọkùnrin. Wọ́n ti mọ àwo mọ́kànlá sílẹ̀, pé bí àwọn bá dé làwọn yóò gé wọn. Wọn kò sọ fún wa, nítorí a kò bèèrè. Kí wọ́n tó dé, Haneef, àkọ́bí wọn, gbé katapílà wọ àkùrọ̀ náà láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ yóò máa fi jẹun. Katapílà hú gbogbo igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Nígbà tí Ìyá débẹ̀, Haneef ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, mo rò pé igbó lásán ni.”

Wọ́n ní, “Èmi náà kò mú ọ débí rí.” Wọn kò tún lọ sí Òkè-Oyì mọ́.

Ní 2020, ọ̀rẹ́ wọn fi irúgbìn mìíràn ránṣẹ́. Ìyá gbìn wọ́n sínú àwọn àwo náà, wọ́n sì bẹ Haneef pé kí ó bá àwọn wá ilẹ̀ olómi, nítorí igi inú àwo kì í sanra. Ó ní òun yóò wá a. Ọdún kan kọjá, òmíràn kọjá. Àwa yòókù kò sì bá a wá a. Ní 2023, Azeezah, àbígbẹ̀yìn, bi wọ́n léèrè bóyá ó ṣì yẹ kí a máa wá ilẹ̀ náà. Ìyá ní, “Bí ẹ bá rí ilẹ̀ lónìí, n ó ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin kí wọ́n tó sanra. Ẹ ṣáà wá a.”

Ìyá jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejì, 2025. Èyí tó nípọn jù nínú àwọn igi tuntun náà kò ju àtàǹpàkò lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Haneef rí ilẹ̀ kan létí odò, a sì gbìn wọ́n síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má yọ ọ̀rọ̀ katapílà kúrò nínú ìwé yìí.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Ìyá ni Haneef, Zahrah, Azeezah, àti ọmọ-ọmọ méje.

Ìyá, a ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì wá. Kí Ọlọ́run Ọba fẹ sàréè yín, kí Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí Ó sì fi Àlùjánńà ṣe ilé yín. Ẹ sùn re o.