Ọjọ́ Àìkú Wa ní Manigri, Lẹ́yìn Tí Etí Ràìmí Di

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìrójú mi láti ọjọ́ yìí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Bassila níhìn-ín tí mo fi ń kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù àti ìyàwó rẹ̀, mo kí Tántì Sàfú, mo kí gbogbo agboolé wa ní Kétu, àti ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí lórí fóònù tí n kì í gbé e. Ẹ má bínú. Kì í ṣe ìgbéraga. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí, ìdáhùn rẹ̀ sì gùn ju ohun tí ènìyàn lè máa tún sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, Ẹ̀gbọ́n pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé etí ọkọ mi ti di pátápátá, ó ní kí ni mo tún ń ṣe ní ìlú tí kì í ṣe tiwa, kí n kó ẹrù mi máa bọ̀ wálé. Ẹ̀yin, Ìyá mi, ẹ kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn bi mí pé orin wo ni mo ń kọ báyìí, nítorí ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Mo ní ohùn yín ń já, mo sì pa fóònù.

Ẹ kò ní gbàgbé bí Ràìmí ṣe wọ ilé wa. Láti Pobẹ̀ ló ti wá kan òrùlé Bàbá Àgbà, gìtá wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Bó bá sọ òòlù kalẹ̀ láti sinmi, gìtá ni yóò mú; èmi tí mò ń fọ abọ́ lágbàlá á sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé àwọn méjèèjì yìí ti fẹ́ ara wọn tán kí ẹnikẹ́ni tó wá tọrọ. Nígbà tí iṣẹ́ òrùlé wá ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ní wọ́n ń wá ẹni tó mọ igi dunjú ní ilé ìlagi kan ní Bassila, a di ẹrù wa. Ẹ sunkún lọ́jọ́ náà. Èmi kò sunkún. Mo rò pé ibi tí orin wa bá ti wà, ilé ni.

Ènìyàn rere ni àwọn ará Bassila, ṣùgbọ́n èdè Anii ni wọ́n ń sọ, èmi kò sì gbọ́ ju kí n kí wọn, kí n sì dá iye tí aṣọ wọn yóò jẹ́ láti rán. Ẹni bá rí mi lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi yóò rò pé odi ni mí. Ẹ ò rí i bí ìlú ṣe máa ń dákẹ́ síni lára nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀, tí ìwọ kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì, ẹnu mi a máa wúwo. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni yóò tó là.

Ọ̀sán náà ni wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ ìlagi. Ràìmí á dé pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú igi nínú irun, nínú ìpéǹpéjú, á wẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà wa. Bí mo bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ mi, ó máa ń fi gìtá tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá yára, á yára. Bí òwú bá já tí mo dúró, òun náà á dúró, á máa wò mí bíi pé èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Mélòó ni aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ wọ́ nítorí ẹ̀rín! Obìnrin Anii tó kángun sí wa máa ń gbé ẹ̀pà sísè wá, á jókòó, a kì í gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ègbè ti máa ń wọlé ju èmi lọ.

Ti ọjọ́ Àìkú ló wá dùn jù. Nígbà kan tí a ń gun alùpùpù lọ ra iṣu ní Manigri, a gbọ́ tí obìnrin kan ń bú ewúrẹ́ rẹ̀. Yorùbá ló fi ń bú u. Kì í ṣe ti Kétu gẹ́lẹ́, wọ́n máa ń fa ohùn níbi tí àwa ti máa ń gé e, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, látorí bàbá ewúrẹ́ náà dé ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi lẹ́bàá títì. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu, ó rò pé èmi ni mo ni ewúrẹ́. Ìyá Ràmátù ni. Ó mú wa wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀, Bàbá Làmídì, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu tó sì ní oko kajú lẹ́yìn ilé. Lábẹ́ igi kajú wọ̀nyẹn ni wọ́n máa ń péjọ kọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbẹ̀ tí oòrùn ti pa lára, ìyàwó wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Wọn kò ní gìtá. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní i.

Ìyá mi, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ayọ̀ ń jẹ́, òun nìyẹn. Mo jókòó sẹ́yìn ọkọ mi lórí alùpùpù, gìtá wà láàárín wa, àwa méjèèjì ń kọ orin tí a máa kọ́ wọn nígbà tí a bá dé, eruku ń wọ̀ wá lẹ́nu.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, a kò lọ sí Manigri. Ràìmí ní kí a lọ wo òkè ní Alédjo, nítorí ẹnìkan níbi iṣẹ́ sọ fún un pé bí ènìyàn bá kọrin sí òkè náà, òkè á gbè é. A gùn ún dé ibi tí a lè gùn dé. Mo kọ́kọ́ ké, òkè sì ké padà, ó mọ́ gaara bí ẹni pé àbúrò mi kan wà lódì kejì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo yíjú sí Ràìmí. Ó ṣì ń tẹ́tí. Ó bi mí bóyá òkè náà ti dáhùn. Mo ní ó ti dáhùn. Ó ní kí n tún ké sí i. Mo tún ké, ó tún dáhùn, mo sì ń wo ojú ọkọ mi bó ṣe ń dúró de ohun tó ti kọjá. A jẹ búrẹ́dì tí a gbé dání.

Ẹ̀rọ ìlagi ló jẹ etí náà, díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ òpó. A lọ sí Parakou. Dókítà náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó ní iṣan inú etí ti kú, pé ohun tó bá ti kú níbẹ̀ kì í hù. Ó fún un ní ohun kékeré kan kó máa fi sétí. Ràìmí fi í sétí lọ sí Manigri lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ́, ó sì fi í sápò. Ó ní gbogbo wa ń dún bí ayùn. Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rò pé wọ́n ti lé e. Wọn kò lé e. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ràìmí gan-an ló wá yẹ iṣẹ́ náà báyìí, nítorí ariwo kò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ènìyàn ń fún mi ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ lé àyà gìtá, pé yóò mọ orin náà lọ́wọ́. A ṣe é. Ó gbé ọwọ́ lé gìtá, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun mi nígbà tí mò ń kọrin. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní òun mọ̀ pé nǹkan ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n fẹ́ pa náà máa ń gbọ̀n. Ó ní kí n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun mọ́. Kò fọwọ́ kan gìtá lẹ́yìn náà. Ó wá gbára lé ohùn rẹ̀. Ó ní etí nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, wọn kò gba ọ̀fun.

Ohùn rẹ̀ sì ti ń ṣìnà. Ẹ mọ bí ohùn Ràìmí ṣe rí tẹ́lẹ̀, Ìyá mi. Ó wá ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀, ó ń ké bí ẹni tí ń pe ọkọ̀. Lábẹ́ igi kajú, wọ́n ń gbè é bó ti wù kó rí, wọ́n ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ Bàbá Làmídì ku díẹ̀, bàbá náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè iṣu. Ó ní ọmọ òun ni Ràìmí, pé òun kò ní lé ọmọ òun lójú agbo. Ṣùgbọ́n àwọn àna ń bọ̀ láti Bantè, wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n máa rẹ́rìn-ín, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ọ̀nà tí kò fi ní kọrin lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń padà sí Bassila nírọ̀lẹ́ náà, mo fọwọ́ kan Ràìmí léjìká pé kó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró níwájú rẹ̀ kó lè rí ètè mi. Mo sọ ọ́ fún un pé ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò yé e lẹ́ẹ̀kínní. Mo tún un sọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó da eruku bò wá, nígbà tí eruku lọ, ó ṣì ń wo ẹnu mi. Ó bi mí láti ìgbà wo. Mo ní ó ti pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní abájọ tí adìyẹ obìnrin Anii yẹn kì í dúró mọ́ bí òun bá ń kọrin. Lẹ́yìn náà ó ní ó dára pé ẹnu mi ni òun ti gbọ́ ọ. Ó lo ọ̀rọ̀ náà, “gbọ́”. Ó tẹ alùpùpù, a sì ń lọ.

Kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà, ìbáà ṣe ní balùwẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ fún un. Mo ti rò ó títí, n kò rí ọ̀nà tí ì bá sàn. Bí n kò bá sọ ọ́, àwọn àna Bantè ì bá sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní bọ̀ wálé. Kì í ṣe pé mo ń retí nǹkan kan. Ẹ má ránṣẹ́ oògùn sí wa mọ́, ẹ má sì sọ fún mi pé yóò dára, nítorí kò ní dára. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níhìn-ín, wọ́n ti ń kọ ebè, mò ń rán aṣọ, oúnjẹ ò wọ́n wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kàn gùn ni. Mo ń tẹ ẹ̀rọ mi, ó ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òun ló gbé alùpùpù jáde tó ní kí a lọ. Ìyá Ràmátù fún un ní àga níbi tí òjìji pọ̀ sí. Wọ́n ní kí n dá orin, ojú tì mí, ṣùgbọ́n Ràìmí mi orí sí mi, pé kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Ìyá mi, ohùn mi dára lọ́jọ́ náà, ó dára débi pé ó dùn mí. Wọ́n gbè mí, ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì rò pé Ọlọ́run ti fún wa ní díẹ̀ padà. Nígbà tí mo parí, ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti gbádùn orin báyìí. Ó wá dárúkọ orin náà, orin tí a kọ nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ ara wa.

Kì í ṣe òun ni mo kọ. Mo sọ fún un. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n orin tiwa yẹn ni òun ti ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ìyá mi, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, kò ní fi ohun tí etí yín fẹ́ràn dù yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí ẹ kí àwọn ọmọ, kí ẹ kí ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè. Ràìmí ní kí n kí yín.

Èmi ni Àwáwù, ọmọ yín.