Wọ́n Gbẹnu Wa Sọ̀rọ̀ Níbi Tí A Kò Sí

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín o, mo kí ilẹ̀ tó gbà yín. Inú ń bí mi, Màámi, kò sì sí ẹni tí mo lè bínú níwájú rẹ̀ bó ṣe wù mí bí kò ṣe ẹ̀yin. Ọkọ mi ti ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Mo ti gbé e fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ṣì ṣẹ́kù díẹ̀ lọ́wọ́ mi, òun ni mo fẹ́ gbé fún yín.

Ẹ ó rántí ọjọ́ tí àwọn tó ń ka èèyàn wọ àgbàlá wa ní Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin yẹn béèrè iṣẹ́ yín, ẹ ní ẹja lẹ ń yan. Ó tún béèrè pé iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an. Ẹ na ọwọ́ yín sí i, ọwọ́ tí iná ti jó títí tí kò fi mọ iná lára mọ́, ẹ ní, "Ọ̀gá, ṣé eré ni ẹ rò pé mo fi eléyìí ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ pé ẹ kò níṣẹ́. Ẹ pòṣé, ẹ bu ẹja fún un, ẹ padà sídìí ààrò. Èmi ni kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ìbínú yín kì í fi í pẹ́ ju òṣé kan lọ?

Láti ìgbà tí ẹ ti papò dà, etí ọ̀sà tí ẹ mọ̀ yẹn ti di ibi tí àwọn olówó ń nàka sí. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára àwọn àtíbàbà wa nítòsí Ọjà Olúwo, wọ́n ní kí a máa múra àtikó kúrò. Kò sí ẹni tó pè wá jókòó. Nígbà tí a lọ béèrè, wọ́n ní òfin kò mọ̀ wá sí òṣìṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn fẹ́ bá wa jíròrò lé lórí.

Níbi tí a ti ń wá ẹni tí yóò gbọ́ tiwa ni ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ ti wá bá wa láti Ìkẹjà. Wọ́n ní ìpàdé ńlá kan ń bọ̀ nílẹ̀ òyìnbó, tí àwọn ìjọba ayé yóò ti fẹnu kò lórí irú wa, àwa tí a kò ní ọ̀gá tí a kì í gba owó oṣù: ṣé òṣìṣẹ́ ni wá, àbí a kì í ṣe òṣìṣẹ́? Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwa ẹlẹ́ja gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ìyá ọjà jókòó, wọ́n yàn mí. Àwọn tó ń yan ẹja ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Agbówà náà fọwọ́ sí i. Ẹ bá rí bí orí mi ṣe wú! Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò gùn. Kí wọ́n pè wá ní òṣìṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lé wa kúrò létí omi láì kọ́kọ́ bá wa jókòó. Mo ń sọ ọ́ fún ẹja orí wáyà títí ọkọ mi fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Mo wọ bùbá aláró yín lọ sí ẹ́ḿbásì láti gba físà. Obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò béèrè ìwé owó oṣù. Mo ní n kì í gba owó oṣù, òun gan-an ni mo ń lọ sọ. Ó wá béèrè pé bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ mi? Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, torí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ààrò ẹnì kan kì í kú nítorí pé ó rìnrìn àjò. Nígbà tí Ìyá Wàsíù bímọ, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń dá iná rẹ̀, lẹ ń yí ẹja rẹ̀, lẹ ń bá a tà á, títí ó fi pé ogójì ọjọ́? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe títí dòní. Mo bá fọ́nnu. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, bí mo tilẹ̀ lo ọdún kan lọ́hùn-ún, ẹja kan kò ní jóná, oníbàárà mi kan kò sì ní mọ̀ pé n kò sí nílé.

Màámi, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó buyì kún wa ni wọ́n fi dè mí. Wọn ò fún mi ní físà, wọ́n ní kò sí ohun tí yóò fà mí padà wálé. Èmi! Èmi tí n kò lè sun Ìkòròdú mọ́jú kí ọkàn mi má wà lọ́dọ̀ ẹja tí mo fi sílẹ̀! Bí mo bá ní ọ̀gá tó lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọn ìbá gbà mí gbọ́. Nítorí pé mo ní èèyàn tí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ mi bàjẹ́, wọ́n ní n kò níṣẹ́. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn?

Ìpàdé kò dúró dè mí. Ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ẹ́sìtéètì ní Ìkòròdú, ni wọ́n fi rọ́pò mi. Ó pè mí lórí fóònù. "Madam, ẹ má wòrí, mo máa represent yín dáadáa. Ṣebí ọ̀rọ̀ ẹja náà ni?" Ṣebí ọ̀rọ̀ ẹja náà ni! Mo rọra sọ ohun tí àwọn ìyá ọjà rán mi fún un, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó dé, ó pè wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú láti wá jábọ̀. Ó fi fọ́tò hàn wá lára ògiri. Òun nìyẹn lórí àga, wọ́n kọ "Àwọn Obìnrin Ẹlẹ́ja" sí iwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun sọ fún gbogbo ayé pé èéfín ń pa wá, pé ìyà ń jẹ wá, pé a fẹ́ kí wọ́n kọ́ wa ní ọṣẹ ṣíṣe àti aṣọ rírẹ kí a lè kúrò létí omi. Kí a lè kúrò létí omi, Màámi! Ó ní wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Tiwa, wọ́n fá a, wọ́n tún fi irun rẹ̀ hàn wá ní fọ́tò.

Èéfín ń ta wá lójú, n kò jiyàn. Ojú ẹ̀yin alára kò funfun rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọṣẹ lẹ fẹ́ máa ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe èéfín ní lọ́fíńdà yín, tí ẹ ó gbé ọwọ́ sí mi nímú kí n gbóòórùn rẹ̀! Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó ra ṣokoléètì bọ̀ fún wa. Ìyá Wàsíù jẹ tirẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

Ó ní ìpàdé mìíràn ń bọ̀, òun sì ṣetán láti tún lọ fún wa, kí a nawọ́ bí a bá fara mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Èmi ni mo dìde. Inú ń bí mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Bí wọn ò bá jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa lọ, ẹ má lọ fún wa mọ́." Ó ní ṣé kí àga wa wá ṣófo níwájú gbogbo ayé ni, ṣé ìtìjú kọ́ nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó ṣófo. Kí wọ́n kọ orúkọ wa síwájú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé àwọn dà, kí wọ́n sọ fún un pé wọn ò fún wa ní físà. Gbogbo àwọn ìyá ọjà bá dìde, a jáde, a wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Ṣé mo ṣe é dáadáa, Màámi? A kò mọ̀ bóyá wọ́n máa lé wa kó tó dìgbà yẹn. Àwọn kan ti ń bú mi pé mo ti ba ọ̀nà jẹ́, pé àga òfìfo kì í sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní purọ́ mọ́ wa.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń dáná nínú ààrò yín.