Ohùn Kan Nídìí Igi Óákù

Àìkú, 27 oṣù kẹrin

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Ẹtì: Ilẹ̀ tó gbẹ bíi páànù. Òjò tí wọ́n ṣèlérí lórí rédíò. Ẹsẹ̀ òsì iwájú Pedlar, tí wọ́n ní ó ti sàn. Kòtò kan tí wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ sáàárín pápá Marlbarrow. Ajá Ivor aládùúgbò wa. Páìpù ilé ìwẹ̀. Àti Fìlà.

Fìlà ju gbogbo wọn lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Stallard ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Fìlà la ń pè é nílé yìí, nítorí kì í ṣí i, ìbáà jẹ́ nídìí tábìlì onítábìlì. Òun ló ni ẹṣin tó ń jẹ́ Pedlar. Tamsin ọmọ ọmọ wa ló ń gùn ún. Ológoṣẹ́ ni mo ti ń pe ọmọ yẹn láti kékeré. Láti ìgbà tí ẹṣin náà ti ń bu gbogbo ènìyàn jẹ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ ọn ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní Shropshire lọ́hùn-ún. Báyìí ó ti gba àyè láti gùn ún ní Marlbarrow. Marlbarrow! Ibi tí àwọn tó mọ ẹṣin í gùn jù láyé máa ń wá. Kí ẹṣin kọ́kọ́ jó níwájú àwọn adájọ́. Ní Àbámẹ́ta kí ó sáré gba pápá, fo odi, fo omi, fo ìtì igi. Ní Àìkú kí ó fo ọ̀pá. Ọjọ́ Pápá ni ti àárín, Ọjọ́ Pápá ló ń pa ènìyàn.

Inú wa dùn. Fìlà wá jẹun. Ó bu páì Beryl lẹ́ẹ̀mejì, ó nu ẹnu, ó ní bí Tamsin bá parí eré, ẹṣin dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá parí, òun á gbé e fún ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ní kí wọ́n na iyọ̀ sí òun.

Beryl sì di èyí tó kù nínú páì náà fún un lọ sílé, àti abọ́ àti gbogbo rẹ̀. Mo ń bínú sí ìyàwó mi náà.

Ajé, 28

Kò rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 29

Ológoṣẹ́ fóònù. Ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó kàn mí, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gbéra. Ó ń rántí ìgbà ìwọ́wé tó kọjá, tí mo lọ fọwọ́ kan okùn gàárì nígbà tó kù díẹ̀ kó gbéra. Mo rò pé ó ti tú. Kò tú.

"Ẹ wá o, Bàbá àgbà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá. Ẹ ṣáà dúró síbi tí mi ò ti ní rí yín."

Mo sọ fún Beryl pé ọmọ yìí ti sọ mí di ọ̀kan nínú àwọn ìdènà tó máa fò. Beryl ní rárá, ìdènà kì í sọ̀rọ̀.

Àìkú, 4 oṣù karùn-ún

Kò rọ̀. Wọ́n ní wọ́n ń fi ọkọ̀ bomi rin pápá. Omi orí ilẹ̀ gbígbẹ — yíyọ̀ ni. Mo sọ fún Ivor. Ó ní kí n lọ ra agbòòrùn kí n fi bo gbogbo Marlbarrow.

Ọjọ́bọ̀, 8

Ó rọ̀. Ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ijó ẹṣin: Ológoṣẹ́ ṣe ipò kejìdínlọ́gbọ̀n. Kò burú. Pedlar mirí nígbà kan, wọ́n sì gé máàkì rẹ̀ kù. Ta ni kì í mirí?

Ẹtì, 9

Èmi àti Ivor rin pápá náà yí ká, bí gbogbo ayé ti ń rìn ín kí ọjọ́ náà tó pé. Ọkọ̀ rẹ̀ la gbé, ajá rẹ̀ sì jókòó lé ẹsẹ̀ mi títí a fi dé.

Ìdènà kẹtàdínlógún ni mo wá wò. Òun ni kòtò yẹn. Apá mẹ́ta ló pín sí. Ẹṣin á fo ìtì igi bọ́ sínú kòtò, ìyẹn ni A. Á gun òkè jáde, á fo B. Lẹ́yìn náà C. Ẹni tó láyà á lọ tààrà. Ẹni tó fẹ́ rọra ṣe é á gba ẹ̀yìn igi óákù ńlá kan yí po, á sì fo C mìíràn tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Àsíá pupa lọ́tùn-ún, funfun lósì. O gba àárín wọn kọjá, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú eré.

C kékeré yìí fara pamọ́ sẹ́yìn igi. Ohun tí ẹṣin rí níwájú rẹ̀ ni òkè gbalaja tó ń pè é pé máa bọ̀. Ta ló gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀? Ẹni tí kò bí ọmọ, tí kò sì ní ọmọ ọmọ.

Mo ní ibẹ̀ la máa dúró sí lọ́la. Ivor wo igi, ó wò mí. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ gun ẹṣin náà ni.

Àbámẹ́ta, 10 (àárọ̀ Àìkú ni mo kọ ọ́)

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹrẹ̀ dé ọrùn bàtà. Èrò bí eṣú. Gbogbo ẹni tó wá ló mú ajá wá. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ lọ jàra, tíì gbígbóná, ẹyin sísè, àwọn ìyáàfin tó ń fi ọ̀bẹ kan náà gé wàràkàṣì àti àkàrà òyìnbó. Beryl lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń parí eré, pẹ̀lú Fìlà. Èmi àti Ivor dúró lẹ́bàá okùn, nídìí óákù. Lápá kejì okùn ni adájọ́ ìdènà náà wà: obìnrin àgbà kan lórí àga, agbòòrùn lókè rẹ̀, fèrè lọ́rùn. Ìyá Eléfèrè. Bí ẹṣin bá ti ń bọ̀, á fọn ọ́, a ó sì sá sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ á ti gbọ́ pátákò nínú ilẹ̀ kí ojú rẹ tó rí nǹkan kan.

Mẹ́ta ṣubú sínú kòtò náà níwájú wa. Ọ̀kan jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹṣin rẹ̀ ti lọ jẹ koríko.

Ó ti kọjá agogo méjì kí wọ́n tó pe orúkọ Ológoṣẹ́ nínú gbohùngbohùn. Ìdènà karùn-ún, kò sí àléébù. Ìkẹwàá, kò sí. Omi, kò sí. Ivor ní kí n tú ọwọ́ mi kúrò lára apá òun.

Ó yọ. Ó fo A. Nígbà tí Pedlar balẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ẹsẹ̀ Ológoṣẹ́ sì jábọ́ kúrò nínú irin gàárì. Mo rí i tó mirí díẹ̀ — ó ti pinnu pé òun á gba ọ̀nà tó jìn. Ọlọ́gbọ́n ọmọ. Ó fo B. Ó yí óákù po, ó kọjá níwájú mi tóbẹ́ẹ̀ tí ẹrẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Orí ẹṣin kọjú sí òkè. Kò kọjú sí C. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń lọ.

Mo pariwo.

"Ológoṣẹ́! C! Padà!"

Ó padà. Ó fo C bí ẹni fo ẹnu ọ̀nà, ó gun òkè lọ. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ivor kò pàtẹ́wọ́.

"Clifford, kí lo ṣe yẹn?"

Mo ní mo gba ọmọ mi là ni. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Eléfèrè ti dìde lórí àga. Kò bínú. Ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo arúgbó tó tọ̀ sára, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀.

Mo mọ òfin náà. Ogójì ọdún ni mo ti ń wo eré yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ibi tó kàn fún ẹni tó wà lórí ẹṣin. Wọ́n á yọ ọ́.

Ológoṣẹ́ parí láìní àléébù kan. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, Fìlà ti ṣí fìlà. Orí rẹ̀ pá bí ẹyin. Ó dì mọ́ mi. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi! Lẹ́yìn wákàtí kan ni gbohùngbohùn pe Tamsin sí ọ́fíìsì àwọn adájọ́ àgbà.

Beryl bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ẹnìkan ké sí i. Wọ́n ní ariwo èrò kì í tán, àwọn kò lè torí ẹnu àjèjì fìyà jẹ ẹni tó ń gun ẹṣin. Wọ́n wá bi í bóyá ó mọ ẹni tó ké.

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà mi ni."

Wọ́n yọ ọ́.

Níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, òjò ń rọ̀ sí i lójú, ó ń di gàárì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé òun ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ta ni ì bá tú u fó?

"Wọ́n bi mí, Bàbá àgbà."

Ó di okùn méjì. Lẹ́yìn náà ló ní, láìwo ojú mi: "Mo sì ti rántí C. Mo ti ń fa ìjánu kẹ́ ẹ tó pariwo."

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi kò dé ilẹ̀ kó tó fọ́.

Àìkú, 11

Orí ẹṣin yẹn. Bí mo bá pa ojú dé, nígbà mìíràn ó ti ń yí. Nígbà mìíràn kò yí.

Mo bínú sí ẹni tó gbẹ́ kòtò. Mo bínú sí Ìyá Eléfèrè, sí òfin, sí Ivor tó dákẹ́ nínú ọkọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé, ẹni tí kì í dákẹ́. Mo bínú sí Ológoṣẹ́ jù. Ta ló bẹ̀ ẹ́ ní òtítọ́?

Ọjọ́rú, 14

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn adájọ́ àgbà pé mo rí i gbangba pé ẹṣin ti ń yí kí n tó pariwo. Beryl kà á.

"Ṣé o rí i?"

Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó ti ń yí.

"Mi ò bi ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ìkòkò tíì lé lẹ́tà náà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò fi ránṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 17

Fìlà fóònù. Pedlar ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan lókè àríwá. Ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù yìí. Ó bá Beryl sọ ọ́. Kò ní kí wọ́n pè mí.

Ìṣẹ́gun, 20

Mo pe Ológoṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbé e. Beryl pè é lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e.

Ẹtì, 23

Fìlà wá dá abọ́ páì padà. Kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, mi ò ní kó wọlé.

Mo ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún un láti ọ̀sẹ̀ kan. Pé ọmọ náà kò ní àléébù kan lórí pápá. Pé kò sí ẹlòmíràn tó lè gbé oúnjẹ fún ẹṣin yẹn láìpàdánù ìka. Pé bó bá fẹ́ fìyà jẹ ẹnìkan, èmi nìyí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní eré kọ́ ló ń dun òun, ẹṣin ń pàdánù lójoojúmọ́.

"Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, kò wọlé. Kó ṣáà sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan péré, Clifford. Ẹni tí kò lè ṣe ìyẹn fún mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ mi ni. Ọ̀rọ̀ mi gan-an ni, èyí tí mo sọ sí ọmọ yẹn lójú nínú òjò. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń rùn bí ẹja àná.

Mo sọ fún un pé kó ṣí fìlà rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Ó ní òun kò sí nínú ilé. Mo ní nígbà náà kó máa lọ sí ilé tirẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ Beryl nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Àìkú, 25

Ìbínú, ìbínú, ìbínú. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò lórí Ológoṣẹ́. Mo wá a lórí rẹ̀, mi ò rí i mọ́.

Ajé, 26

Beryl pe Ológoṣẹ́, ó sì na fóònù sí mi láìsọ fún un.

Mo sọ fún un pé bí ẹṣin ti ń yí, bí kò yí, èmi ni mo pariwo. Mo sọ ohun tí Fìlà wí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un nínú òjò ni, mo sì gbọ́ bó ṣe rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọdé. Mo bẹ̀ ẹ́.

Mo ń gbọ́ ẹṣin tó ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti jọra tẹ́lẹ̀, Bàbá àgbà. Fìlà nìkan lẹ ò ní."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ẹṣin máa dé láàárọ̀ Ẹtì. Ó ní òun ló máa fà á gorí pákó ọkọ̀, nítorí kò ní tẹ̀lé ẹlòmíràn. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn.

Kò ní kí n wá. Mi ò ní mò ń bọ̀.

Inú ṣì ń bí mi sí Fìlà, yóò sì máa bí mi títí. Beryl ti lọ bèèrè ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Shropshire: mo máa sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló sì wà láàárín ọkọ̀ méjì ní ibùdókọ̀ Crewe. Ìṣẹ́jú mẹ́fà, pẹ̀lú eékún mi yìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá yí ibi tí mo ti máa wọ̀ ọ́ padà ńkọ́? Ọdún mọ́kànlá rèé tí mi ò ti wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ni n ó gbéra.