Ilà Ojú Àṣàkẹ́

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1975

Ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ọmọ kíláàsì mi tún ń bi Àṣàkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, pé, "Ológbò wo ló ha ẹ́ lójú?" Ó fi ìwé bojú, ó ń sunkún.

Mo ní, "Gbórí sókè. Ilà kì í ṣe ohun ìtìjú."

Ó wò mí. "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ̀yin fi pọ́dà bo tiyín?"

Ọdún kìíní mi nìyí, mo ti ń kọ́ ọmọ ní ohun tí èmi fúnra mi ò lè ṣe.

Mo ti kó pọ́dà náà fún Ìyábọ̀ tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ní, "Ṣé ara rẹ yá?" Ó yá. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n bí ojú mi ṣe rí gan-an ni n óò gbé e wọ kíláàsì lọ́la.