Ọkùnrin Tó Nawọ́ Sókè

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín láti ilé wa, nínú yàrá iwájú tí ẹ mọ̀, níbi tí mo gbé tábìlì sún mọ́ fèrèsé kí n lè ríran kọ̀wé. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé ooru yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun yẹn kò tíì yọ́ yín tán, àti pé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ń gbúròó yín déédéé. Ara tèmi náà kò burú. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí ẹ pè lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, ẹ bi mí pé kí ló ṣe wọ́n ní àwọn oṣù tó kẹ́yìn, torí pé ohùn wọn ti yí padà lórí fóònù. Mi ò lè dáhùn lọ́jọ́ náà. Èrò kún ilé. Mo wá jókòó báyìí kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ má baà gbọ́ ààbọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ mọ̀ pé géèmù orí kọ̀ǹpútà là ń ṣe níbi iṣẹ́ wa, àwọn ìbọn inú rẹ̀ sì ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Nínú èyí tí à ń ṣe lọ́wọ́, ẹni tó ń gbá géèmù náà di ẹ̀ṣọ́ kan tó ń lé ọ̀tá láti ayé ìgbà kan bọ́ sí òmíràn. Ojú ẹ̀ṣọ́ yẹn ló fi ń wo ohun gbogbo. Ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń rí, àti ohun ìjà tó dì mú. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní àká ohun ìjà tirẹ̀: ọrun àti ọfà ni ti àkọ́kọ́, ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìbọn ogun ayé àwọn bàbá wa, títí dé ìgbà tí kò tíì dé, níbi tí ìbọn ti ń tu ìmọ́lẹ̀ dípò ọta. Gbogbo wọn pátá ni mo yà, tí mo sì wá ohùn fún. Èyí tí ọ̀gá wa fẹ́ràn jù ni ìbọn kan tó ń dá àsìkò padà. Tí ẹ bá yìn ín sí òkú, ọta yóò jáde lára rẹ̀, òkú náà yóò dìde nílẹ̀, yóò sì dúró bó ṣe wà kí ẹ tó pa á. Mo bi ọ̀gá pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Ó ní kí àwọn èèyàn lè tún un pa lọ́nà mìíràn ni.

Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdí ogun ayé àwọn bàbá wa, ọ̀gá ní òun ń wá ẹni tó ti ṣe sójà rí, tí yóò fi ara ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Mo kàn ń ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ ni. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé Bàbá ń gbọ́. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, "Kí lèmi ń ṣe nílé?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti lọ, àga ẹ̀yìnkùlé nìkan ni wọ́n ń bá ṣe ọ̀rẹ́. Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ jáde.

Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ dúdú kan wà tó máa ń fún mọ́ni lára pinpin, tí wọ́n lẹ àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́ káàkiri, kí kámẹ́rà tó yí yàrá náà ká lè máa mú gbogbo bí èèyàn ṣe ń rìn sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Bàbá wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n wo ara wọn nínú dígí, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ bá rí bàbá kan tó jọ ẹja inú agolo, ẹ bá mi kí i." Gbogbo ọ́fíìsì ló fẹ́ràn wọn. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi àyà fà nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ki ọta sínú ìbọn láìwò ó. Nígbà tí wọ́n yin ìbọn tí mo ṣe lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yìn ín títí ó fi sú wọn. Wọ́n béèrè pé ìgbà wo ló máa ń há. Mo ní kì í há, torí inú ń bí àwọn tó ń gbá géèmù bí ìbọn bá há mọ́ wọn lọ́wọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ká ní irú èyí ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ mí lọ́jọ́sí, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá má sí láyé."

Mo rò pé àpárá ni. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí a ń pè ní Dígí nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Òun ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tí àwọn ọ̀tá inú géèmù yóò máa ṣe. Dígí ní kí Bàbá bá wa ṣe bíi sójà tí ọwọ́ ti tẹ̀, tí wọ́n wá yìnbọn fún. Bàbá na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n apá òsì kò gòkè tán. Wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni fẹ́ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà orúnkún wọn yẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó rẹ̀ tó fẹ́ sùn. Kò jọ ti inú sinimá rárá. Àwọn tó wà nínú yàrá pàtẹ́wọ́. Bàbá kò dìde. Nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé ni wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan wà tí àwọn jọ ṣe sójà, káfíńtà ni kó tó di pé ogun dé, ó sì ti gba ọgbẹ́ léjìká òsì. Àwọn ọ̀tá mú àwọn méjèèjì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti dahoro. Wọ́n nawọ́ sókè. Káfíńtà yíjú sí Bàbá, ó fẹ́ sọ nǹkan kan, sójà tó mú wọn sì yìnbọn fún un. Ó yí ìbọn sí Bàbá, ó fà á, ìbọn há. Ibi tó ti ń bá ìbọn náà jà ni ọ̀gá rẹ̀ ti dé, tó ní kó dáwọ́ dúró. Bàbá ni wọ́n fún ní ṣọ́bìrì pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sin ọ̀rẹ́ wọn, kó tó di pé wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà ẹlẹ́wọ̀n.

Nígbà tí ogun parí, ìjọba sọ fún ìyàwó káfíńtà pé àwọn kò rí ọkọ rẹ̀ mọ́. Wọn ò sọ pé ó kú. Bàbá mọ ilé wọn. Wọ́n ní àwọn dé orí òpópónà náà lẹ́ẹ̀kan, àwọn rí obìnrin náà tó ń sá aṣọ tó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn sì yí padà. "Kí ni kí n sọ fún un? Pé ìbọn há nígbà tó kàn mí, pé kò há nígbà tó kan ọkọ rẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n má padà síbi iṣẹ́ wa mọ́, wọn ò gbà. Wọ́n fẹ́ rí ohun tí a fi ara wọn ṣe. Dígí ló fi hàn wọ́n tayọ̀tayọ̀, torí kò mọ nǹkan kan. Sójà kan dúró nídìí ògiri, ó nawọ́ sókè, apá òsì kò gòkè tán. Bàbá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Òun nìyẹn." Wọ́n gba ohun tí a fi ń darí géèmù lọ́wọ́ Dígí, wọ́n sì jókòó síwájú ọkùnrin náà láìyìnbọn. Ó pẹ́ gan-an. Wọ́n wá béèrè pé kí ló dé tí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣí. Dígí ní kò lè ṣí àfi tí gbogbo ọ̀tá bá kú.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Dígí lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ọmọ náà kò lè jẹun ọ̀sán. Láìsọ fún ọ̀gá, ó ṣe é kó jẹ́ pé tí ẹni tó ń gbá géèmù bá sọ ìbọn kalẹ̀, sójà náà yóò gbé ọwọ́ wálẹ̀, yóò gba àlàfo ara ògiri jáde, yóò sì máa lọ. Ó ní kí n pe Bàbá wá. Wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀, wọ́n wo ọkùnrin náà bó ṣe ń lọ títí kò fi sí lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń retí kí ara tù wọ́n.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé Dígí léjìká. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ibi tí mo sin ín sí ló wà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ṣì rò pé ó lọ síbì kan. Má bá wọn fi kún un." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Mú mi lọ bá wọn."

A rí ilé náà. Ìyàwó ti kú. Ọmọ tí Bàbá rí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́sí ti di àgbà ọkùnrin, káfíńtà ni òun náà, inú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé la bá a, tó ń fá pákó. Bàbá kò jókòó. Wọ́n rò ó fún un látòkèdélẹ̀, títí kan ti géèmù yìí. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ó béèrè ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Bàbá sọ ọ́ fún un, ẹ̀gbẹ́ kànga ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Ó ní, "Ẹ ti mọ ilé wa láti ìgbà yẹn?"

Bàbá ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ọdún tó kọjá ni ìyá mi kú. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn, torí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó ti di opó." Ó gbọn èérún pákó kúrò lápá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ máa lọ."

Kò pariwo, kò bú wọn. "Sà" tó fi kún un yẹn ló dun Bàbá jù. Láti ọjọ́ náà ni ohùn wọn ti yí padà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Oúnjẹ kò wù wọ́n mọ́. Tí mo bá ní ká lọ rí dókítà, wọ́n á ní kò sí ibi tó ń dun àwọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé tíì lọ bá wọn lórí àga ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti lọ. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ rárá ni pé ọmọ káfíńtà náà wá sí ibi iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìsìnkú. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Kò mọ̀ pé Bàbá ti kú. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo ilẹ̀, ó ní òun kẹ́dùn. Ó ní òun ti lọ síbi ilé ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n ti wó o, wọ́n ti da kọnkéré sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ló ń sùn síbẹ̀ báyìí. Kò sí kànga kankan tí èèyàn lè fi dá ibẹ̀ mọ̀. Ó wá béèrè bóyá òun lè rí ohun tí Bàbá sọ pé ó wà nínú géèmù.

Mo ṣí i fún un. Mo ti kọ́kọ́ kìlọ̀ pé ojú yẹn kì í ṣe ojú bàbá rẹ̀, àwa la yà á, ìdúró àti ìṣubú nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ìṣubú náà. Mo yìnbọn. Ọkùnrin náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un, ni mo bá mú ìbọn tó ń dá àsìkò padà, mo sì gbé bàbá rẹ̀ dìde nílẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń wò ó. Àwọn ará ọ́fíìsì ti lọ jẹun, wọ́n ti padà dé, ó ṣì jókòó. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ó tó. Ẹ pa á, kí n máa lọ."

Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì ìbọn kó tó yé mi pé kọ̀ǹpútà ló ní kí n pa. Mo pa kọ̀ǹpútà. A jọ dúró síwájú ojú rẹ̀ tó ti dúdú, lẹ́yìn náà mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mo bẹ ọ̀gá pé kó yọ ìṣubú yẹn kúrò. Ó ní Bàbá ti fọwọ́ síwèé, àti pé ìṣubú yẹn ni gbogbo àwọn tó ti gbá géèmù náà wò ń yìn jù. Oṣù tó ń bọ̀ ni géèmù náà yóò jáde. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí ìbọn bí mo ṣe béèrè. Ilẹ̀kùn àti òjò ni mo ń ṣe báyìí.

Kí Ọlọ́run mú yín gúnlẹ̀ láyọ̀ níbikíbi tí ọkọ̀ yín bá kọjú sí. Kí iná má jó yín, kí omi má gbé yín. Kí ẹ padà wá bá mi nílé yìí, ká jọ jókòó lẹ́yìnkùlé. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin kan ṣoṣo tó fẹ́ràn yín.

Mo tún rántí: Ọmọ yín àgbà ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi géèmù náà ránṣẹ́ sí òun ní kété tó bá jáde. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin lẹ ni ọmọ yín. Tí ẹ bá fi lè gbà kó gbá a, ẹ jókòó tì í nígbà tó bá dé ibi ògiri yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó dúró níbẹ̀ fún un kó tó yìnbọn.